Orúkọ Tí Mo Tẹ̀ Sínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni mo fi ọwọ́ ara mi gbà fún kọ̀ǹpútà ilé wa pé kó gba ètò tuntun wọlé. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń bẹ̀ mí, tí mo sì ń sún un síwájú. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní kíláàsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ekiadolor tí mo ti ń kọ́ni, iná wà, dátà sì wà lórí fóònù mi. Mo ní kí n ṣe é kí n lè sinmi.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, èyí tó ní àpótí dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ó ti gbó, àmọ́ bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ojú rẹ̀ fẹ̀, èèyàn sì lè mú kí lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi dáadáa.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Lẹ́yìn tí màmá mi kú ni mo lọ mú un ní Èkìtì wá sọ́dọ̀ mi ní Oregbeni. Ó ti ń gbàgbé nǹkan nígbà yẹn. Láàárín wákàtí kan, ó lè bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá a ti jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tó ti pẹ́ ṣì mọ́ kedere lójú rẹ̀. Dókítà ló sọ fún mi pé díẹ̀díẹ̀ ni ìyẹn náà yóò máa lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kó máa sọ ìtàn òun àti màmá mi, kí n máa tẹ̀ ẹ́. Láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, tó bá ti mu tíì tán, á jókòó tì mí lórí àga kan, á ní, "Kọ ọ́ báyìí." Bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láyé ìgbà náà ló ṣe ń pè é fún èmi náà, tòun ti kọ́mà àti àmì ìdánudúró.

Ní Sátidé kan, ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó gba ètò tuntun yẹn wọlé, ó ní, "Kọ ọ́ báyìí. Kí ìwọ tó dé, ẹnì kan ti kọ́kọ́ wá."

Ọmọkùnrin ni. Oṣù mẹ́jọ ló lò láyé. Bàbá mi pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó sọ ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ àti ìdí tó fi jẹ́ orúkọ yẹn. Ó sọ ẹ̀yìn ilé tí wọ́n sin ín sí. Mo ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún, mi ò gbọ́ ọ rí. Màmá mi kú láìsọ ọ́ fún mi. Mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ, mi ò dá a dúró, torí ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá bi í ní ìbéèrè kan, kò ní rántí ibi tó dé mọ́. Mo ní màá padà kà á tó bá yá. Mi ò tíì kà á tí ọjọ́ Ẹtì yẹn fi dé.

Ètò náà ti wọlé dé ìdajì nígbà tí iná lọ. Àpótí bátìrì tó yẹ kó gbé kọ̀ǹpútà náà dúró ké díẹ̀, òun náà sì dákẹ́. Mo sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí mo padà tẹ bọ́tìnì, fáànù inú rẹ̀ yí, ojú rẹ̀ tàn, ó sì ṣókùnkùn. Ìlà kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, lẹ́tà funfun tín-ín-rín, tó ń sọ pé òun kò rí dísìkì tí òun máa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo pa á, mo tún tàn án. Mo yọ gbogbo wáyà rẹ̀, mo tún kì wọ́n bọ̀ ọ́. Mo fi í sílẹ̀ kó sinmi. Mo gbàdúrà pàápàá. Ìlà yẹn náà ni.

Ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan wà nínú ìjọ wa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Airport Road. Mo pè é.

Ó ní, "Mà, ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ máa tẹ F12. Àkójọ kan á jáde. Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan nínú àkójọ náà."

Ó ní, "Ṣé ẹ ti da àwọn nǹkan inú rẹ̀ kọ síbòmíràn?"

Lọ́dọọdún ni mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má fi iṣẹ́ wọn síbì kan ṣoṣo. Mo ní, "Rárá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi dé fìlà, ó jáde sí pálọ̀. "Ṣé ká bẹ̀rẹ̀?"

Mo sọ fún un pé kọ̀ǹpútà bàjẹ́, pé mò ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa tún un ṣe. Ó ní òun náà ń bọ̀. A wọ takisí sọ̀ kalẹ̀ láti Ikpoba Hill níbi tí ilé wa wà, mo gbé àpótí náà lé itan bí ọmọ tó ń ṣàìsàn, mo fi ìró wé e kó má baà máa gbọ̀n.

Ọkùnrin náà ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ eruku kúrò, ó yọ nǹkan kan pẹlẹbẹ jáde, ó fi ìrésà nu ẹnu rẹ̀, ó tún un kì bọlé. Ó tàn án, pàbó. Ó wá yọ dísìkì rẹ̀, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. A gbọ́ ìró kan nínú rẹ̀: kó, kó, kó. Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà gbọ́wọ́ kúrò.

"Mà, ètò tuntun yẹn nìkan kọ́ ló ṣe é. Dísìkì yìí ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ àná ló wúwo jù fún un."

Bàbá mi ti dìde. "Níbo ni ohun tá a kọ wà nínú rẹ̀?"

Ọkùnrin náà pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fi dísìkì náà lé e lọ́wọ́. Kò ju ìwé orin ìjọ kékeré lọ. "Inú ibí ni, Bàbá."

Bàbá mi yí i síwá sẹ́yìn. "Ó gbóná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́ ni."

"Rọra ṣe é," ni bàbá mi wí, ó sì dá a padà fún un.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń pè é, ojoojúmọ́ ló ń ní, "Mò ń gbìyànjú, mà." Nígbà tó yá, ó kó ohun tó rí fún mi: fọ́tò, máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jáde tipẹ́, ìwé ètò ìsìnkú màmá mi. Ìtàn wa wà níbẹ̀, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló mọ́. Mo ka bí wọ́n ṣe pàdé. Mo ka òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, àpótí kéékèèké tí kò ní nǹkan nínú ló kún ojú ìwé, ìlà lé ìlà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí dé òpin, mò ń wá lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ọkùnrin náà bá mi fi dísìkì náà ránṣẹ́ sí àwọn kan l'Ékòó tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní inú rẹ̀ ti họ, kò sí ohun tí àwọn lè rí mú mọ́.

Mo wá lọ jókòó ti bàbá mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi nípa ọmọ tó ṣáájú mi."

Ó wò mí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́."

"Èmi kọ́. Ìwọ ni àkọ́bí wa." Ó rọra sọ ọ́, bíi pé ó ń tún àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ ṣe.

Mo pe àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ́ kù ní Èkìtì. Ó ní, "Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ọmọ kan wà. Àmọ́ bàbá rẹ ló ní kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀ sétí màmá rẹ mọ́, gbogbo wa sì gbà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mi ò rántí orúkọ náà mọ́."

Olú ni orúkọ náà fi bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn nìkan ló dá mi lójú. Nígbà míì, màá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, màá tẹ Olú, màá sì dúró, bóyá ìka mi á rántí ìyókù.

Dísìkì tuntun ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Kíá ló ń tàn. Bàbá mi ṣì ń jókòó tì mí ní Sátidé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìtàn ewúrẹ́ kan tó jẹ rẹ́jísítà ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn ló ń sọ, àwa méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe dé àárín, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé màmá rẹ ò tíì dé láti ọjà?"

Mo ní, "Wọn ò tíì dé, sà."

"Jẹ́ ká dúró dè é. Á fẹ́ gbọ́ èyí tó kù."

Mo gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, a sì jókòó dè é.