Orúnkún Kóòṣì

Lánàá, nínú ọkọ̀ ojú irin ní Berlin, òórùn ìpara orúnkún gbé mi padà sí pápá ẹlẹ́rẹ̀ kan ní Billstedt, ní Hamburg. Màmá mi fà mí dé iwájú kóòṣì wa tuntun, ará Jámánì tó ti fi bọ́ọ̀lù jẹun rí.

"Kí wọn dáadáa."

Mo kúnlẹ̀. Kóòṣì rò pé okùn bàtà mi ló tú. Òun náà rọra kúnlẹ̀, ó fajú ro, òórùn ìpara bò mí, ó sì ń bá mi tún okùn náà so. Mo rò pé ó ń kí mi padà ni.

Ó ti di máníjà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ní Berlin báyìí. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé orúnkún tó fara pa ló gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo sì rántí bó ṣe pẹ́ tó kó tó dìde.