Ọ̀rọ̀ Kan Láti Sípéènì

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní Òkukù, ẹnu mi sì máa ń yá jù tó bá di ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ìyẹn ló kó bá mi.

Sípéènì ni àbúrò mi wà, ó ń já tòmátì lóko olóko. Nígbà tí àìsàn gbé e dé ilé ìwòsàn, a ò gbóhùn ẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbélé, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Èdè wọn ló ń sọ, ó ń sunkún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo dì mú: esperen.

Mo wá a lórí fóònù. Ara esperar ló ti wá, Látìn ló sì bí i: sperare, kéèyàn ní ìrètí. Ó ní ìbátan nínú Gẹ̀ẹ́sì: prosper, kí nǹkan dáa fúnni, despair, kí ìrètí pin. Inú mi dùn, òmùgọ̀ èmi. Mo mú ìbátan tó dáa, mo fi èkejì sílẹ̀. Mo gbọ́ "no" tó ṣáájú ọ̀rọ̀ náà o, ketekete. Mo sọ fún ara mi pé ẹkún ni.

Mo wọkọ̀ lọ bá ìyá wa ní Inísà. Mo ní, "Màámi, obìnrin yẹn ní ká máa retí ẹ̀." Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrun tí wọ́n kí tí wọn ò tọrọ àlàáfíà fún un.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń pe nọ́ńbà obìnrin náà, kò lọ. Ara mi ò gbà á mọ́, mo gbé fóònù lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún fìríìjì ṣe ní Ìkìrun, tó ti gbé Sípéènì rí. Ó gbọ́ ọ tán, ó jókòó.

"Tíṣà, ó ní kẹ́ ẹ má retí ẹ̀ mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló kú."

Má ni wọ́n rán mi, máa ni mo jẹ́ fún ìyá wa. Ìtìjú ẹ̀ ju ìbànújẹ́ lọ lára mi, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú títí dòní.

Mo padà sí Inísà, mo sọ ọ́ fún Màámi. Wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni ohùn náà dé, wọ́n fi ìka ka ọjọ́.

"Ọjọ́ kẹjọ ẹ̀ ti kọjá," wọ́n ní. "Kò sẹ́ni tó ṣàdúrà fìdáù fún un. Ọmọ mi ti wà nínú ilẹ̀, ara líle ni mo ń tọrọ fún un."