Mùkáílà Alágídìgbo Kú sí Àtìmọ́lé, Gbogbo Wa sì Ti Ilẹ̀kùn

Mùkáílà alágídìgbo kú ní àtìmọ́lé ẹ̀yìn kóòtù ní òwúrọ̀ Jímọ́ọ̀ tó kọjá. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò da aṣọ bò ó, wọ́n ní kí ẹni tó ni ín wá gbé e. Ta ló ni ín? Lọ́jọ́ tó ń kọrin, gbogbo wa la ni ín. Láti Ìjòkó títí dé Joju, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ìyá wọn ni wọ́n ń pè é. Ní òwúrọ̀ Jímọ́ọ̀ yẹn, Ràfátù ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ni ín.

Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Bí agogo kẹ̀kẹ́ bá dún lójú títì, ọwọ́ mi á dúró lórí ìwé, nítorí kẹ̀kẹ́ ni àwọn akódà kóòtù ń gùn kiri. Èmi Jìbírílù Abórìṣàdé rèé o, Bàbá Onípákó. Èmi tí mo kọ́kọ́ fi páànù bo ilé ní Ṣàngó. Èmi tí mo fi ayùn kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ nínú igbó, tí mo di ẹni tó ń fi mọ́tò ara rẹ̀ kó pákó lọ Èkó, láìjẹ́ pé bàbá ẹnikẹ́ni ràn mí lọ́wọ́. Sítáńdáàdì kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ẹ wá wò mí lónìí tí mò ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn tí àwọn tísà ń kà. Ojo kọ́ ni mí. Mo ti bá ejò sùn nínú àgọ́ kan náà. Bí ẹ̀rù bá wá ń ba irú èmi nínú ọdún 1954 yìí, kí ni kí opó tí kò lẹ́nìkan ṣe?

Mùkáílà kò ní ẹgbẹ́ olórin. Òun nìkan ni, agídìgbo rẹ̀ á wà lọ́rùn, ẹnikẹ́ni tó bá sì rí lọ́nà lọ́jọ́ náà ni yóò bá a lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Pákó àfárá tó fi kan àpótí agídìgbo yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Èmi ni mo yàn án, tí mo fi ìka kàn án kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń dún. Kò sí ibi tí kò lè jókòó sí kọrin. Ní ibùdókọ̀ ojú irin Ìjòkó, bí ọkọ̀ bá pẹ́, òun ni kì í jẹ́ kí àwọn tó ń kó igi ìdáná lọ Èkó máa bú ara wọn. Ní Ṣàngó, níbi tí bọ́lẹ̀kájà ti ń kó èrò, orí àpò gààrí ẹlòmíràn ni yóò jókòó sí, ẹni tó ni gààrí ò sì ní lè lé e, nítorí oríkì bàbá rẹ̀ ló ń kọ. Ìsọmọlórúkọ kékeré, wòlímọ̀ ọmọ aláìní, ilé tuntun oníyàrá kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é. Bí wọ́n bá fún un ní iṣu, á gbà. Bó bá jẹ́ adìẹ ni, á gbé adìẹ sí abíyá, á gba ojú irin lọ sílé, á máa bá adìẹ náà sọ̀rọ̀.

Mo pè é lọ́dún kan. Mo ní kó wá di olórin tèmi, kó máa kọ orúkọ mi nìkan, n ó máa bọ́ ọ, n ó máa rán aṣọ fún un. Ta ni kò ní gbà? Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí mo bá di tiyín, lọ́jọ́ tí mo bá ní èèyàn dáadáa ni yín, ta ni yóò gbà mí gbọ́?"

Inú bí mi. Mo ní, "Ebi ni yóò pa ọ́, ọmọ yìí."

"Ẹ wá jẹun sàráà mi nígbà náà. Ẹ kàn má jẹ ẹran tán kí Alfa tó dé."

Gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ayùn fi bọ́ lọ́wọ́ wọn, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ní ọ̀nà jíjìn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí àwọn olórin kéékèèké wa ṣe ń ṣe é. Bí o bá lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, o lè fi ẹnu sí i létí, kí o sọ ohun tí o fẹ́ kó kọ. Ó lè jẹ́ oríkì ìyá rẹ. Ó lè jẹ́ àna rẹ tó gbàgbé ọ̀nà ilé ni o fẹ́ bú. Yóò kọ ọ́ bí ẹni pé inú ara rẹ̀ ló ti wá, kò sì ní sọ ẹni tó sọ ọ́ sí i létí láéláé. Ẹni tí kò lè la ẹnu níwájú àwọn alágbára, olórin ni ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa náà ṣe bá a.

Lọ́jọ́ tí Fàlílù aránṣọ sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ní Ṣàngó, èrò pọ̀. Kánsẹ́lọ̀ Adédùntán, tó ń ṣojú wa ní ìgbìmọ̀, jókòó sórí àga ọlọ́wọ́, akódà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ará Ṣàngó ló mọ ọ̀rọ̀ kànga. Ìgbìmọ̀ fún wa ní símẹ́ńtì, àwa fúnra wa la gbẹ́ kànga náà, mọ́tò mi ló kó yanrìn rẹ̀. Kò pẹ́ ni Kánsẹ́lọ̀ mọ ògiri yí i ká, ó ní nítorí ewúrẹ́ ni. Ògiri yẹn rìn, ó rìn, ó lọ bá ògiri ilé rẹ̀ pàdé. Lóòótọ́, ewúrẹ́ kan ò débẹ̀ mọ́. Àwa náà ò débẹ̀ mọ́.

Ẹnìkan lẹ owó mọ́ Mùkáílà lórí, ó tẹ̀ sí i létí. N ò rí ẹni náà, àwọn tó ń jó dí mi lójú. Ojú Mùkáílà nìkan ni mo rí. Ẹ̀rín kúrò níbẹ̀. Ó wo àga ọlọ́wọ́, ó wo ilẹ̀, ó ń ta irin agídìgbo kan náà léraléra. Ó lè ní òun ò gbọ́. Ó lè kọ nǹkan mìíràn, ta ni yóò bi í? Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ sí i létí, ó sì kọ ọ́:

Kànga tí gbogbo wa gbẹ́,
Ẹ bá mi bi í, ta ló mọ ògiri yí i?

Àwa ńkọ́? A gbè é. "Ẹ bá wa bi í o, ẹ bá wa bi í." Tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi pọ́n. Kánsẹ́lọ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rọra dìde, ó gbàdúrà fún ọmọ tuntun, ó lọ. Ẹ̀rín músẹ́ yẹn ni mò ń rí bí mo bá di ojú.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn akódà mú Mùkáílà ní Ìjòkó, níwájú àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n gba agídìgbo lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní ó fẹ́ da ìlú rú, ṣùgbọ́n bó bá ti lè dárúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ sí i létí, kó máa lọ sílé rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Yàrá tí wọ́n tì í mọ́ ń jò, òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́. Àyà rẹ̀ kò lágbára tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ràfátù se àgbo, ó pọn ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé àgbo náà lọ fún un. Wọ́n ní kó gbé e padà, ọkọ rẹ̀ mọ oògùn tí yóò wo òun sàn. Èmi náà lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún mi, wọ́n ní bí àánú rẹ̀ bá ń ṣe mí, kí n wọlé kí n bá a jókòó. Mo gbọ́ ikọ́ yẹn láti inú òkùnkùn. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi kúrò níbẹ̀, n ò rán an níṣẹ́.

Ràfátù sọ fún mi pé òun lọ sí ẹ̀yìn ògiri, òun bẹ̀ ẹ́. Òun ní kó dárúkọ kan, èyíkéyìí, kódà kó dárúkọ òkú. Ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde.

Ó ní, "Ràfátù, ta ni kí n pè wá sínú òtútù yìí?"

Ẹ̀yin tí ẹ gbè é, níbo lẹ wà? Fàlílù ní ibà dá òun dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ò gbọ́ orin kankan. Ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ ni o. Bàbá ọmọ ò sí níbẹ̀! Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wádìí, ó jọ pé Mùkáílà nìkan ló kọrin, tó sì gbe orin ara rẹ̀. Mo rí obìnrin kan ní Ṣàngó tó na ọmọ rẹ̀ nítorí pé ọmọ náà ń fi imú kọ orin kànga. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò súfèé mọ́. Àwọn èèyàn ń kí ara wọn láìdúró, wọ́n ń wẹ̀yìn kí wọ́n tó sọ pé òjò ń bọ̀.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kú, Ràfátù ń kan ilẹ̀kùn kiri, kó lè rí ẹni tí yóò bá a gbé ọkọ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Mò ń wò ó láti ojú fèrèsé mi. Ó kan ilẹ̀kùn, ohùn inú ilé á dákẹ́. Wọ́n ní pákó ìgbókùú mọ́ṣáláṣí ti sọnù. Pákó tó gbé gbogbo òkú wa láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ọjọ́ yẹn ló wá sọnù. Mo yọ ilẹ̀kùn ilé ìkópákó mi, mo gbé e lérí, mo jáde. Alfa Láwàlì nìkan ló gbà láti wẹ òkú. Fádáhùnsí tó ń ti géètì ojú irin ní Ìjòkó, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, òun ló wá di igun kan mú. Ràfátù di igun kẹrin mú. Ṣé ẹ ti rí i rí, kí ìyàwó máa gbé òkú ọkọ rẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú? Alfa kírun sí i lára bí ẹni tó ń jalè, ohùn rẹ̀ ò jáde. Kò sí sàráà, kò sí ẹran tí ẹnikẹ́ni yóò jẹ tán.

Ní ọ̀sán Àìkú, Kánsẹ́lọ̀ Adédùntán wá sílé mi. Òun nìkan ló wá, ó bọ́ fìlà. Ó ní ikú Mùkáílà dun òun, pé ikú Ọlọ́run ni. Mo gbé omi fún un, kò mu ún.

"Bàbá Onípákó, a ò bá òkú jà. Orúkọ kan ṣoṣo la fẹ́."

Mo ní, "Kánsẹ́lọ̀, èèyàn pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Èèyàn púpọ̀ kì í fi ẹnu sí etí ẹnìkan." Ó wo páànù orí ilé mi. "Ẹ̀yin lẹ kó yanrìn kànga, àbí?"

Ó tún ní bí kò bá sí ẹni tó mọ̀, ìyàwó òkú á mọ̀, ọkọ kì í fi nǹkan pamọ́ fún ìyàwó. Ó ní Ràfátù yóò wá sí kóòtù ní Ọjọ́bọ̀. Bó bá dárúkọ, kó máa lọ. Bí kò bá dárúkọ, yàrá yẹn ṣófo. Ó dé fìlà rẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó lọ.

Ràfátù kò mọ nǹkan kan. Èmi náà ò mọ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ létí Mùkáílà, bó bá ń ka èyí, kó jókòó sílé rẹ̀. Mùkáílà ti san tirẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ gbè é ni mò ń bá wí. Ẹ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù ní Ọjọ́bọ̀, ẹ sọ pé ẹ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan. Yàrá yẹn kéré, kò lè gba gbogbo Ṣàngó. Bí ẹ ò bá wá, ìyá ọlọ́mọ ọmú ni wọ́n máa tì mọ́ ibi tí ọkọ rẹ̀ kú sí.

Àwọn tó ń ṣèjọba náà, mò ń bá yín wí. Ajẹ́lẹ̀, ẹ̀yin tí mọ́tò yín máa ń gba Ṣàngó kọjá, ta ló fún yín lábọ̀ ikú yìí? Wọ́n ní ikú Ọlọ́run ni. Ṣé Ọlọ́run ló ní kí wọ́n dá àgbo padà? Ṣé Ọlọ́run ló tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìda aṣọ bò ó? Òfin wo ló ní kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé títí yóò fi dárúkọ ẹlòmíràn? Ẹ wó ògiri kànga. Ẹ dá agídìgbo padà fún Ràfátù. Ẹ mú Adédùntán kúrò lórí àga ìgbìmọ̀ kó wá rojọ́ bí gbogbo èèyàn.

Èmi ni n ó ṣíwájú Ràfátù wọ kóòtù ní Ọjọ́bọ̀. Mo ti sọ fún àwọn ìyàwó mi, wọ́n ti sunkún títí. Bóyá ohùn mi á gbọ̀n, n ò mọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́: kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àtìmọ́lé wà lọ́wọ́ rẹ̀ jáde síwájú wa, kó sọ orúkọ ara rẹ̀, kó sì dáhùn ìbéèrè mi níṣojú gbogbo èèyàn: nígbà tí Mùkáílà ń wúkọ́ mọ́jú Jímọ́ọ̀, tó ń kan ilẹ̀kùn, ìwọ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ, kí lo gbọ́?