Iná Tó Ṣẹ́kù Nínú Rédíò Ọkọ Mi

Ọjọ́ tí iná rédíò gbé mi ni n kò lè gbàgbé láyé. Wọ́n ti sọ fún wa pé àìsàn ọkọ mi kò gbóògùn mọ́. Ó dùbúlẹ̀ sílé wa ní Odòde Ìdànrè, kì í rẹ́rìn-ín, rédíò nìkan ló ń gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, rédíò yadi. Súlè tó ń tún rédíò ṣe dé, ó pa jẹnẹrétọ̀, ó tú ẹ̀yìn rédíò.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kan kapasítọ̀ yìí o. Bí amù ló rí. Ó ti gba iná pamọ́, bí a tilẹ̀ pa jẹnẹrétọ̀."

Mo ní, "Ìsọ̀ tí a ti tì, ta ló tún ń tajà níbẹ̀?"

Omi àdúrà tí mo fi ń wọ́n ọkọ mi wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kí rédíò náà jẹ nínú ìbùkún, ni mo bá ki ọwọ́ tútù bọ̀ ọ́. Gbàù! Abẹ́ tábìlì ni mo bá ara mi.

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Bọ́lá, ìsọ̀ ṣì ń tajà o!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú níwájú rẹ̀. Ó kàn ń wò mí ni. Ẹ̀rín tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ti tán.