Oògùn Ìyá Mi Tí Gbogbo Agbo Ilé Jẹ

Inú ṣì ń bí mi. Ó ti pẹ́, àwọn tí mo ń bínú sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, n ò sì ní purọ́ pé mo ti dárí jì wọ́n.

Ikọ́ ife ló mú ìyá mi, ní abúlé wa lẹ́bàá Lalupon, ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira. Gàrí ni wọ́n ń yan. Nígbà tí ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀, a rò pé èéfín ààrò ni, títí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé mọ́dà nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé-ìwé ìjọ. Èmi ni mo mú wọn wọkọ̀ lọ sí ọsibítù n'Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì kan tí kì í rẹ́rìn-ín ka hóró oògùn sínú igò tí a mú lọ, ó ní, "Ìyá, oṣù méjìdínlógún lẹ máa lò ó. Ojoojúmọ́ ni o. Bí ikọ́ bá tilẹ̀ lọ, ẹ má dá a dúró. Ẹ má fo ọjọ́ kan ṣoṣo." Ìyá mi ní àwọn ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí agbo ilé wa ṣe ṣe sí wọn nígbà tí ikọ́ dá wọn dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fi ife wọn mu omi. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń bó ẹ̀gẹ́ kó àpótí ìjókòó wọn lọ sẹ́yìn ilé kejì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ baálé ilé, ìta ló ti máa ń kí wọn, á fọwọ́ bo imú. (Ó yẹ kí n máa pe bàbá yìí ní "wọn", àgbà ni. Ẹ jọ̀ọ́, n ò lè ṣe é.) Síbẹ̀, n ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ikọ́ dáwọ́ dúró. Ìyá mi sanra, wọ́n padà sídìí agbada gàrí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn tó lé irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ni kò ní lè lé lọ? Bí àwọn ará ilé ṣe rò ó nìyẹn. Baálé tó ń bo imú yìí náà ló kọ́kọ́ wọlé. Ó jókòó sórí ẹní ìyá mi gan-an, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. "Ìyàwó, fún mi ní méjì nínú oògùn òyìnbó yẹn." Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n ka mẹ́ta sí i lọ́wọ́. Mẹ́ta! Wọ́n ní méjì kéré fún àgbà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ gbé orúnkún tó ń dùn ún wá. Èyí tó ń wá ọmọ dé. Èyí tí ibà ń ṣe ọmọ rẹ̀ dé. Ẹnìkan wá tí nǹkan kan ò ṣe, ó ní kí òun fi dènà àìsàn tó ń bọ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin nìkan ni nọ́ọ̀sì kó o fún."

"Ṣé kí n wá máa dá a jẹ ni?" Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n jalè. "Ìyàwó ilé ni mí. Ṣé kí wọ́n máa pè mí láhun nítorí hóró oògùn? Ara mi sáà ti yá."

Kí oṣù tó pé, igò á ti gbẹ. Wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ kan, nígbà míì méjì, láìfi hóró kan kan ẹnu, títí ọjọ́ tí a máa ń lọ gba òmíràn lọ́sibítù lóṣooṣù á fi pé. Mo gbé igò pamọ́ lẹ́ẹ̀kan sábẹ́ àpótí aṣọ mi. Ìyá mi fúnra wọn ló wá a jáde fún àlejò. Bí wọ́n bá sì lọ sọ́jà, èmi ni àwọn ará ilé ń ní kí n ṣí i. Mo ń ṣí i. Èmi tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì létí ara mi, mo ń bu oògùn fún wọn, torí n ò lè wojú àgbà kí n ní rárá.

Kí ọdún tó yípo, ikọ́ padà. Dókítà béèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìyá mi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, wọn ò fi nǹkan kan pamọ́, inú wọn tilẹ̀ ń dùn díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka àwọn tí wọ́n fún. Dókítà fi kálámù sílẹ̀. Ó ní lílò àti àìlò yẹn ti jẹ́ kí oògùn náà mọ́ àìsàn lára, kò ní lè pa á mọ́. Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ tí o kàwé ńkọ́?"

Ìyá mi gba abẹ́rẹ́ títí ìdí wọn fi le. Wọ́n kú nígbà tí àgbàdo tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, baálé dìde láàárín èrò. Ó ní kò sí irú ìyàwó yìí mọ́, kò ní ohun kan kó má fi fúnni. Gbogbo wọn ń mi orí. Ó wá na ọwọ́ sí àwa ọmọ, ó ní kí Ọlọ́run fún wa ní irú ọwọ́ ìyá wa, ọwọ́ tí kì í há.

Gbogbo agbo ilé ní àmín. N ò ṣe àmín.