Eyín Dùùrù Tó Jẹ́ Ohùn Mi

Ọdún kẹta lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni ilé iṣẹ́ rédíò kan ní kí n wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n gbọ́ bóyá ohùn mi yẹ fún ìròyìn kíkà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò lè jókòó. Èrò mi ni pé ohùn olùkàròyìn gbọ́dọ̀ jìn bíi kànga. Mo ń rìn káàkiri yàrá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo ń ti ohùn wọ ìsàlẹ̀ ọ̀fun, títí ìyá onílé wa, Àlùhájà tó ń ta léèsì ní Ọjà Balógun, fi pariwo láti ìsàlẹ̀:

“Akọ̀wé, ṣé àgbò Iléyá lo so mọ́ yàrá ni? Ọdún ṣì jìnnà o!”

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì ní kékeré kan nílé. Ó ní kí n wá, kí a wọn bí ohùn mi ṣe jìn tó: kí n máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, òun á wá eyín dùùrù tó bá a mu. Bí mo ṣe ń kà, ìka rẹ̀ ń lọ sí apá òsì, níbi tí ohùn ti ń wúwo. Inú mi dùn. N kò tíì ka ẹẹ́wàá tí ikọ́ fi dé.

“Ìyẹn kì í ṣe ohùn yín,” ó ní. “Ẹ yá a lò ni.”

Ó wá bi mí pé, “Kí ni mo gbàgbé sí Ìdúmàgbò lánàá ná?”

“Agbòjò rẹ ni. Mo kúkú sọ fún ẹ.”

Ó ti tẹ eyín dùùrù kan. Ohùn mi gan-an ni, láàárín, kò jìn, kò ga. Ó lẹ bébà pélébé mọ́ ọn.

“Èyí ni kí ẹ gbé lọ ní Mọ́ńdè.”

N kò gbọ́. Ohùn àgbò ni mo gbé lọ, ikọ́ sì mú mi níwájú wọn. Wọn kò gbà mí. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi kò ní, “Ṣé mo wí?” Ó kàn po oyin mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ fún mi.

Ọdún ti gorí ọdún. Ó pé oṣù mẹ́rin báyìí tí ó ti kú. N kò lè jókòó. Lánàá, mo tẹ eyín oníbébà yẹn, mo ní, “Agbòjò rẹ ni.” Kò bá a mu. Mo tún un sọ, mo ń wá a lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì. Ṣùgbọ́n etí mi ń ṣọ́ ohùn náà, kò sì sí ẹni tí yóò bi mí ní ìbéèrè tí n kò retí.

Mo fi bébà náà sílẹ̀ níbi tó lẹ̀ ẹ́ sí.