Lakritz Inú Àpò Kóòtù Dádì

Iyọ̀ ni Mọ́mì mi kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Lọ́jọ́ tí dókítà ní Hamburg sọ fún Dádì pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, àti pé wọn ò gbọdọ̀ wọ bàálù títí yóò fi wálẹ̀, Mọ́mì kó iyọ̀ àti magí dà nù. Ìyá Dádì ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ ní Abẹ́òkúta. Gbogbo ìgbà tá a bá pè wọ́n, ohun kan náà ni wọ́n ń bi wá: ọmọ mi dà?

Dádì ń jẹ ọbẹ̀ tó tẹ́ láìráhùn. Wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò wálẹ̀. Dókítà fi oògùn mìíràn kún un. Ẹ̀rù wá ń bà mí gidi.

Berlin ni mo ti ń kọ́ nípa oògùn, mo sì ń gbé ní Lichtenberg, àdúgbò kan níbẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí wọn ní Hamburg. Láàárọ̀, mo bá Mọ́mì lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń da Lakritz, súìtì dúdú táwọn ará Hamburg ń jẹ bí ẹní jẹ ẹ̀pà, sínú àpò kóòtù Dádì.

"Mọ́mì, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Ṣé kí n máa wo Dádì ẹ níran ni? Ọbẹ̀ ò níyọ̀, tíì ò ní ṣúgà. Èyí nìkan ló kù tó ń múnú wọn dùn. Everyday ni mò ń fi síbẹ̀."

Mo ní káwọn méjèèjì jókòó. Mo ṣàlàyé pé gbòǹgbò kan ni wọ́n fi ń ṣe Lakritz, pé ohun kan wà nínú gbòǹgbò náà tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù kan ṣiṣẹ́ nínú kíndìnrín. Ẹ́ńsáìmù yẹn ló ń ká họ́mọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ kò. Tí ò bá ti ṣiṣẹ́, họ́mọ́ọ̀nù náà á máa pàṣẹ fún kíndìnrín pé kó di iyọ̀ àti omi mú, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ru, ọbẹ̀ ì báà tẹ́ bí omi.

Mọ́mì bú sẹ́kún. A lọ sọ fún dókítà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má fẹnu kàn án mọ́. Nígbà tó ṣe, ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, dókítà sì ní wọ́n lè wọ bàálù lọ rí ìyá wọn nílé.

Lọ́jọ́ tá à ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, Mọ́mì tún bẹ̀rẹ̀: "Dádì, ẹ má bínú. Mo mọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ràn Lakritz yẹn tó. Màá bá yín wá súìtì mìíràn."

Dádì rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ràn ẹ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ló ti ń rí mi lára."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jẹ ẹ́ tán!"

"Ṣé kí n wá dà á nù ni? Ìwọ lo fi sápò mi."